Bí Owó Ṣe ń Tú Àṣírí Káàdì: Ìmọ̀ Kíka Alátakò Lórí Tábìlì Póòkà Olówó Kékeré

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀gá nínú póòkà ni ẹni tó lè tẹjú mọ́ alátakò rẹ̀, kó sì ti ojú onítọ̀hún mọ káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbàgbọ́ tí àwọn fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbìn sọ́kàn àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé. Àmọ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá àti ìṣirò tó wà nínú eré náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé bí ènìyàn ṣe ń fi owó rẹ̀ lélẹ̀ ń jẹ́rìí tó dájú ju ti ojú rẹ̀ lọ, pàápàá jù lọ lórí àwọn tábìlì tí òfin eré ti dín iye owó kù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á?

Irú póòkà tó gbilẹ̀ jù ní àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas àti ti ìpínlẹ̀ California lónìí ni Texas Hold'em, eré tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas gbà pé ìlú Robstown ni orírun rẹ̀. Káàdì 52 ni wọ́n fi ń ta á. Wọ́n máa ń pín káàdì méjì fún olùkópa kọ̀ọ̀kan ní bíbò, èyí tí òun nìkan ń rí, wọ́n á sì ṣí márùn-ún sí àárín tábìlì fún ìlò gbogbo wọn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn èyí ẹyọ kan, àti ẹyọ kan tó kẹ́yìn. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ti ń fi owó lélẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá pín káàdì ìkọ̀kọ̀ tán àti lẹ́yìn ìṣísílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó bá kan olùkópa, ó lè jọ̀wọ́ káàdì rẹ̀ kó sì yẹra. Ó lè tẹ̀lé, ìyẹn ni pé kó san iye tí ẹlòmíràn ti fi lélẹ̀. Ó sì lè bù kún un, kí ó lè di dandan fún àwọn yòókù láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí irú tábìlì olówó kékeré tí a ń sọ yìí, òfin eré ló ń pinnu iye tí ènìyàn lè fi lélẹ̀. Bí wọ́n bá pe tábìlì kan ní ti dọ́là 4 àti 8, dọ́là 4 ni ìwọ̀n owó ìpele méjì àkọ́kọ́, dọ́là 8 sì ni ti ìpele méjì tó kẹ́yìn. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè fi owó ńlá dẹ́rù ba ẹlòmíràn. Bí owó àárín, ìyẹn àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn ti fi sílẹ̀, bá ti tó dọ́là 60, ẹni tó bá ní ìrètí kékeré kan yóò fẹ́ san dọ́là 8 kó lè rí òpin ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀tàn kì í fi í sábà so èso níbẹ̀, tí ìbéèrè tó wúlò jù fi jẹ́ bí káàdì ẹnì kan pàtó ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kó tó ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí.

Kí ni kíka alátakò túmọ̀ sí?

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, gbogbo ọmọ ayò 48 ló wà ní gbangba lójú àwọn méjèèjì, ohun tí ọ̀ta sì fi ń borí ni ìṣirò ohun tó ń bọ̀. Póòkà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì ìkọ̀kọ̀ lè gbà wá, àwọn alátakò kò sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ara wọn. Iṣẹ́ ẹni tó ń ka alátakò ni láti máa dín iye yìí kù díẹ̀díẹ̀ bí ìṣe kọ̀ọ̀kan bá ti ń wáyé. Bí ó bá ti hàn pé ẹnì kan kì í bù kún owó ní ìpele àkọ́kọ́ àfi tó bá ní àwọn káàdì tó ga jù lọ, ìyẹn méjì A, méjì K, méjì Q, méjì J, tàbí A pẹ̀lú K, ọ̀nà 40 péré ló kù nínú 1,326 lọ́jọ́ tó bá bù kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ojú rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni ìwòye náà dúró lé lórí: ṣé ènìyàn máa ń bá wọn lọ́wọ́ sí ọ̀pọ̀ eré ni àbí díẹ̀, ṣé ó sì máa ń tẹ̀lé ni àbí ó máa ń bù kún un? Lórí àwọn tábìlì olówó kékeré, àwọn tó ń wọ ọ̀pọ̀ eré, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé láìbù kún un, ló wọ́pọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ti ń tẹ̀lé wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí méjì, bá ṣàdédé bù kún owó ní ìpele ìkẹyìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé káàdì rẹ̀ lágbára gan-an; ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bù kún gbogbo nǹkan bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣe náà kò sọ ohun púpọ̀. Ìlànà tí àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, Thomas Bayes, fi lélẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyí: ìwọ̀n tí ẹ̀rí tuntun ní wà lọ́wọ́ ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti ń wá ní pàtàkì ni òpin eré, nígbà tí àwọn tó kù bá ṣí káàdì wọn. Olùwòye tó dáńtọ́ yóò padà sẹ́yìn nínú ọkàn rẹ̀, yóò sì so káàdì tó hàn pọ̀ mọ́ ohun tí ẹni náà ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti jọ̀wọ́ káàdì tirẹ̀ ló ní àyè jù láti ṣe èyí, nítorí kò sí èrè tàbí àdánù tó ń da ọkàn rẹ̀ láàmú.

Àmì ara ńkọ́?

Mike Caro, tó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí àmì ara nínú póòkà ní 1984, kọ́ni pé àwọn tí káàdì wọn lágbára sábà máa ń ṣe bí aláìlera, tí àwọn aláìlera sì máa ń ṣe bí alágbára. Àkíyèsí yìí wúlò, pàápàá níbi tí àwọn tí kò tíì ta á pẹ́ ti pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ní 2006, Charles Bond àti Bella DePaulo kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí nípa mímọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́ jọ, wọ́n sì rí i pé, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí 54 nínú 100 ni àwọn ènìyàn ń gbà, nígbà tí ẹni tó kàn ń méfò yóò gba 50. Ní 2013, Michael Slepian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fídíò àwọn ọ̀gá póòkà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó wo ojú nìkan kò lè mọ bí káàdì ṣe dára tó, ṣùgbọ́n àwọn tó wo bí apá àwọn ọ̀gá náà ṣe ń ti owó síwájú ṣe dáadáa ju ìméfò lọ. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi, àmọ́ ó bọ́gbọ́n mu, nítorí ojú ni gbogbo ènìyàn ti kọ́ láti ṣọ́.

Ìṣirò owó ló ń fi hàn bí ìdánilójú tí ènìyàn nílò ṣe pọ̀ tó. Bí owó àárín bá jẹ́ dọ́là 64, tó sì ku dọ́là 8 láti san ní ìpele ìkẹyìn, ẹni tó bá tẹ̀lé kò ní pàdánù lápapọ̀ bí ó bá jàre lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìgbà mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ jọ̀wọ́ káàdì tó dára díẹ̀ nítorí pé ó ti ka alátakò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jàre ju ìgbà mẹ́jọ lọ nínú mẹ́sàn-án, ìwọ̀n tí ojú wíwò lásán kò lè dé láé, ṣùgbọ́n tí ìtàn ìṣe ẹni tó ń tẹ̀lé wọ́ọ́rọ́wọ́ nì lè dé.

Ẹ̀rọ tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni

Ní 2015, Michael Bowling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà kéde Cepheus, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta irú póòkà olówó tó lódiwọ̀n yìí láàárín ènìyàn méjì, débi pé ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ta á pẹ̀lú rẹ̀ kò lè fi ìdánilójú sọ pé òun ju ú lọ. Cepheus kò rí ojú ẹnikẹ́ni rí, kò sì ka alátakò kankan. Ohun tó mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe lè ta á láìfi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ ìyàtọ̀ náà. Ìmọ̀ eré ló ń dáàbò bo ènìyàn, kíka alátakò ló sì ń jẹ́ kí ó jèrè àṣìṣe tí ẹlòmíràn ń tún ṣe lemọ́lemọ́.

Àǹfààní yìí kò tóbi, nítorí ilé tẹ́tẹ́ ń yọ owó tirẹ̀ nínú owó àárín tàbí kó gba owó ìjókòó, ọ̀pọ̀ eré ló sì gbọ́dọ̀ kọjá kí òye tó hàn yàtọ̀ sí oríire. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun ń rí káàdì lójú ènìyàn ń sọ ohun tí ẹ̀rí kò tì lẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn ni sùúrù ẹni tó ń wo ohun tí alátakò ṣe, tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá ṣí káàdì, tó sì ń yí èrò rẹ̀ padà nígbà tí káàdì náà bá já a nírọ́.