Aago Ọwọ́ Tí Ń Ká Ara Rẹ̀, àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Kì í ṣe ilé kan tàbí méjì ni aago ọwọ́ olówó iyebíye wà nínú àpótí, èyí tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, tí a sì ń mú jáde kìkì ní ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìsìnkú. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín bí aago náà ti ń ṣe sí, èsì kan ṣoṣo ni yóò fún yín: “Ó ń ṣiṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé òun ni ó ba aago bàbá tiwa jẹ́.

Ọdún 1971 ni bàbá wa ra aago náà. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní 1988, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni náà sì fín orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi àsè ìdágbére ni wọ́n ti dá a padà fún un. Bàbá wa kú ní 2009, aago náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n mi fi wọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò. Èmi kò lè dá a lẹ́bi, nítorí pé aago náà ń lọ déédéé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó dúró, èmi yóò sọ ọ́ kí n tó gbé kálámù mi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Aago yìí kò ní bátìrì. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a ká jọ bí ẹní sínú agolo kékeré, ni agbára rẹ̀ ti ń jáde wá. Bí irin náà ti ń gbìyànjú láti tú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí wọ́n so kọ́ra. Bí kò bá sí ohun tí ń dá a lẹ́kun, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti tú tán. Ohun tí ń dá a lẹ́kun ni kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ń fì lọ tí ó sì ń fì bọ̀, tí irin kan tí kò nípọn ju irun orí lọ ń dá a padà ní gbogbo ìgbà. Ìró iṣẹ́ wọn ni ẹ ń gbọ́ bí ẹ bá gbé aago sétí. Nínú ọ̀pọ̀ aago òde òní, kẹ̀kẹ́ yìí ń fì ní ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, àti ìgbà 691,200 láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, ó ju ìgbà 250,000,000 lọ.

Ní ti pé ó ń ká ara rẹ̀, irin wíwúwo kan tí ó rí bí ààbọ̀ òṣùpá wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni irin yìí ń yí, bí ó bá sì ti ń yí ni ó ń ká irin inú agolo. Ẹni tí ń rìn, tí ń ṣiṣẹ́, tí ń ju ọwọ́, bọ́ nínú wàhálà àti máa fi ìka ká aago ní àràárọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ ọ sílẹ̀, aago àtijọ́ yóò dúró lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 40. Àwọn tuntun mìíràn a máa tó wákàtí 70.

Abraham-Louis Perrelet, ará ìlú Le Locle ní ilẹ̀ Swítsàlándì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú ẹ̀rọ báyìí, ní nǹkan bí ọdún 1777. Ṣùgbọ́n aago àpò ni, àpò kì í sì í mì tó ọwọ́. John Harwood, atún-aago-ṣe ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú un wá sí ọrùn ọwọ́, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Swítsàlándì ní 1924. Ohun tí ó sún un ṣe é yẹ kí ó wọ̀ wá létí. Ó ti rí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ojú ihò tí kókó ẹ̀gbẹ́ aago ń gbà wọlé ni eruku àti omi ń gbà bá ẹ̀rọ nínú. Ó sì rò ó pé bí aago bá lè ká ara rẹ̀, a lè dí ihò náà pa. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò tọ́jọ́, ó wó ní 1931 nínú ọ̀dá owó tí ó bo gbogbo ayé. Ọdún náà gan-an ni Rolex gbé tirẹ̀ jáde, tí irin ààbọ̀ òṣùpá rẹ̀ ń yí po láìkọlu ohunkóhun. Èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé títí di òní.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òróró. Ẹsẹ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, inú ihò òkúta rúbì tí ènìyàn fi iná ṣe ni wọ́n sì ti ń yí. A ń fi òróró sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán òjò kan yóò tó fún aago púpọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òróró náà a máa gbẹ, a máa nípọn, tàbí kí ó ṣàn kúrò níbi tí a fi í sí. Nígbà náà ni irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí ó ń jáde yóò pò mọ́ ìyókù òróró, yóò sì máa jẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bí iyanrìn tí ó bọ́ sínú ọlọ. Síbẹ̀ aago náà kò ní í dúró! Agbára irin tí a ká yẹn pọ̀ tó láti fi ipá yí wọn fún ọdún mélòó kan sí i. Ọkọ̀ mọ́tò tí epo rẹ̀ gbẹ a máa ké, a sì máa rú èéfín. Aago kì í ké. Ọjọ́ tí yóò dúró, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti jẹ tán, ohun tí ì bá jẹ́ ìfọ̀mọ́ àti òróró tuntun nìkan ti di ríra ẹ̀yà ara.

Àmì díẹ̀ wà tí ẹni tí ó bá fi ọkàn sí i lè rí. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Ilé ìdánwò COSC ní Swítsàlándì a máa dán ẹ̀rọ aago wò fún ọjọ́ 15, ní ìdúró márùn-ún àti ní ìwọ̀n ooru mẹ́ta, kì í sì í fún un ní ìwé ẹ̀rí bí, ní ìpíndọ́gba, ó bá fi ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ falẹ̀ tàbí ju 6 lọ yára lójúmọ́. Kí olúwa rẹ̀ fi aago rẹ̀ sí àkókò tí ó wà lórí fóònù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó wò ó ní òwúrọ̀ kejì, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Aago tí ó ń yára ní ìṣẹ́jú àáyá 5 lójúmọ́ ní ọdún tí ó kọjá, tí ó wá ń falẹ̀ ní 20 lọ́dún yìí, ó ní ohun tí ń ṣe é. Bákan náà ni èyí tí ó ti máa ń lọ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé bí a bá bọ́ ọ ní alẹ́ Sátidé, tí ó wá ń dúró ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi.

Ṣùgbọ́n kí a má tilẹ̀ dúró de àmì. Omega ní kí a máa mú aago wá fún ìtọ́jú pípé láàárín ọdún 5 sí 8. Rolex ní nǹkan bí ọdún 10. Ìtọ́jú pípé yàtọ̀ sí ṣíṣí àti fífẹ́ atẹ́gùn sí i. Oníṣẹ́ yóò tú gbogbo ẹ̀rọ náà palẹ̀ títí dé ìdè tí ó kéré jù, yóò fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi awò wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò pààrọ̀ èyí tí ó jẹ, yóò tò wọ́n padà, yóò sì fi oríṣiríṣi òróró sí oríṣiríṣi ibi, nítorí pé òróró tí ó yẹ kẹ̀kẹ́ tí ń sáré kò yẹ irin tí ń fi agbára tẹ ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró rẹ̀, tí yóò sì tún un ṣe ní ìdojúbolẹ̀, ní ìdojúsókè, àti ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá wí fún yín pé kí ẹ padà wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ yìí ni ó fẹ́ ṣe. Èmi kò bu àwọn tí ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá ọjà kù. Bátìrì àti okùn aago kò sí èyí tí wọn kò mọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ọ̀gá nínú èyí pẹ̀lú. Ẹ ṣáà béèrè pé: ṣé ẹ ó tú u tán? Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró rẹ̀? Ọmọlúwàbí oníṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè báyìí.

Omi ni ọ̀tá tí ó yára jù. Ní oṣù October 1927, Mercedes Gleitze, ọ̀dọ́mọbìnrin akọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, lúwẹ̀ẹ́ la òkun tóóró tí ó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ẹlòmíràn dìde, ó purọ́ pé òun náà ti ṣe é, ọ̀rọ̀ náà sì mú kí àwọn ènìyàn máa ṣiyèméjì sí Gleitze pàápàá. Ni ó bá tún padà sínú omi ní ọjọ́ 21 oṣù náà, pẹ̀lú aago Rolex kan tí a so kọ́ ọrùn rẹ̀. Òtútù kò jẹ́ kí ó dé èbúté. A fà á jáde lẹ́yìn ohun tí ó ju wákàtí mẹ́wàá lọ, aago náà sì ń lọ síbẹ̀. Ìtàn yìí dùn, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Aago tuntun ni aago ọ̀hún, kókó rẹ̀ sì wà ní dídì. Tiyín ńkọ́, tí òrùka rọ́bà inú rẹ̀ ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú ooru àti òógùn? Rọ́bà a máa le, a sì máa sán. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò fún omi lọ́dọọdún bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà 30 tí a kọ sójú aago túmọ̀ sí pé ẹ lè rì í sí jíjìn mítà 30. Omi ìfọwọ́ àti òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ti irú rẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́ wẹ omi gbígbóná, ẹ má fa kókó rẹ̀ jáde nínú omi, bí kókó náà bá sì jẹ́ oní-dídì, ẹ máa dì í padà ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣàn án. Bí ẹ bá rí ìkùukùu nínú díńgí rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, nítorí ìpẹtà kì í dúró de ọ̀la.

Òòfà náà ń bẹ, ó wà nínú fóònù, nínú ẹ̀rọ agbóhùn, àti nínú ìdè àpò ọwọ́ àwọn obìnrin. Bí ó bá mú irin tí ó rí bí irun yẹn, aago lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ má fòyà; ohun èlò kan wà tí ń tú òòfà kúrò ní ìṣẹ́jú kan péré láìṣí aago rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba owó ìtúpalẹ̀ lọ́wọ́ yín kí ó tó wò ó fún èyí.

Bí aago bá ti dúró, ẹ má mì í bí ìgò oògùn. Ẹ rọra yí kókó rẹ̀ ní ìgbà 20 sí 30, kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá ní ojú ọjọ́-oṣù, ẹ má fi kókó yí ọjọ́ padà láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 3 òru tí ó wà lójú aago náà, nítorí pé àwọn eyín kẹ̀kẹ́ ti kọ́ ara wọn nígbà náà, wọ́n sì lè kán. Ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú títí ọjọ́ yóò fi yí fúnra rẹ̀, kí ẹ yí i dé aago 6, kí ẹ tó tún un ṣe. Okùn awọ kì í fẹ́ òógùn; kí a máa bọ́ ọ kí ó gbẹ.

Ó ku ohun kan, òun ni dídán. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yóò dán ìta aago láìbéèrè, wọ́n rò pé oore ni. Dídán ni fífá. Irin tí a bá fá lọ kì í padà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sórí ìwé ẹ̀rí tí a fún yín pé a kò gbọ́dọ̀ dán an.

Ní 2016 tí aago bàbá wa dúró, ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó sọ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni yóò parí. Ó parí rẹ̀ lóòótọ́. Ó kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i láìtú u, ó sì fi ẹ̀rọ dán ìta rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà bí ọjọ́ tí a rà á. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó mú un lọ fi han ìyá wa. Ìyá wa ni ó kọ́kọ́ yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí aago náà tún dúró. Oníṣẹ́ kejì tí a gbé e fún gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn ti jẹ hàn wá nínú ìdì bébà. Ní ti orúkọ náà, ó ní òun lè tún un fín, ṣùgbọ́n kò ní í rí bí ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn aago náà yóò sì tún fẹ́lẹ́ sí i. Ìyá wa ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fìtílà, tí a sì yí i díẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin ṣì hàn.