Àrọ̀, ẹja tí ń bá òjò rìn

Orí ni ẹja fi í la ibú. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ nílé wa, lẹ́yìn tí omi, oyin àti iyọ̀ bá ti kan ọmọ lẹ́nu, ìyá àgbà á mú ẹja gbígbẹ, á fi kan ọmọ tuntun níwájú orí, á ní kí orí rẹ̀ la ọ̀nà fún un nínú ayé bí orí ẹja ti ń la omi. Gbogbo ilé á ṣe "Àṣẹ!" Àrọ̀ ni ẹja náà. Àwa Yorùbá tí òwò gbé dé Tampouy, níhà àríwá Ouagadougou, kò fi àdúrà yìí sílẹ̀ sílé. Òkun jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àrọ̀ kún inú bàráàjì, odò tí wọ́n sé, tó wà láàárín wa àti àárín ìlú.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì le bí òkúta. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló yí ẹnu rẹ̀ ká, ó sì lè gùn ju mítà kan lọ. Ẹ dúró wo bàsíà ẹlẹ́ja lọ́jà Tampouy. Omi inú rẹ̀ kò bo ẹ̀yìn ẹja tán. Ọ̀kan á yọ ẹnu sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún rì padà. Òmíràn á ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá ẹlẹ́ja á wọ́n omi sí wọn lára, á sì fi àwọ̀n bo ojú bàsíà kí wọ́n má baà fò jáde. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbé mì yìí ló ń gbé wọn la ẹ̀ẹ̀rùn já, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn tí ó ku ẹrẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù Kẹfà, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, tí àgbàrá tuntun sì ń ya wọ inú bàráàjì, àrọ̀ mọ̀ pé àsìkò ti tó. Akọ àti abo á dojú kọ àgbàrá, wọ́n á gòkè lọ sí etí omi níbi tí koríko ti rì. Òru ni wọ́n ń yé. Ẹyin wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á lẹ̀ mọ́ ewé koríko, á sì pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹja sámọ́nù ti òkun Pàsífíìkì náà ń gòkè odò bẹ́ẹ̀, láti inú òkun títí dé ibi tí ẹyin wọn ti pa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í yè é lẹ́yìn tí wọ́n bá yé tán. Àrọ̀ ní tirẹ̀ á bá omi padà, á tún dúró de òjò àmọ́dún.

Àwọn ọlọ́sìn ẹja ní Ìbàdàn mọ bí òjò ti ṣe pàtàkì sí i tó. Abo àrọ̀ lè kún fún ẹyin nínú kòtò ẹja kó má yé, àfi bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́ họ́mónù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ẹyin jáde nínú rẹ̀, wọ́n á sì la akọ láti mú àtọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ òjò.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí òjò bá dá lówùúrọ̀ tí a rí àrọ̀ lórí koríko, a máa ń ní ọ̀run ló ti bọ́. Àwọn àgbà kan ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Òótọ́ ibẹ̀ náà yani lẹ́nu: àrọ̀ a máa fi ẹ̀gún ìyẹ́ àyà rẹ̀ ti ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù lóru, láti inú omi kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹja tó ní ẹyin tó báyìí, tí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè pa, kò lè ṣàì bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn. Àsèjẹ àrọ̀ ni ìyá àgbà mi ń sè fún obìnrin tó ń wá ọmọ. Eérú ló fi ń fọ ara rẹ̀ tó ń yọ̀, títí ọwọ́ á fi dì í mú. Kì í gé e. Odidi ló ń ká a, ìrù sí ẹnu, torí pé tútù ni a ti ń ká ẹja. Epo pupa, iyọ̀, ata àti ewé tí ó lọ̀ kúnná ló fi ń sè é nínú ìkòkò tuntun. Tọkọtaya ni yóò jẹ ẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ egungun rẹ̀. Fún aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, omi ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń bù fún un mu, kí ọmọ lè yọ̀ bọ́ bí àrọ̀ ti ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ apẹja. Èmi ò ní kí aboyún má lọ sílé ìwòsàn. Kó lọ, kó sì mu ọbẹ̀ rẹ̀ náà. Ẹja dára fún ìyá àti ọmọ, àdúrà tí wọ́n sì fi sè é kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn tí ń bọ orí náà ń wá àrọ̀ tútù, wọ́n á fi kan iwájú orí kí wọ́n tó fi rúbọ, torí pé kò sí ẹja tó mọ̀ ọ́n fi orí la omi jù ú lọ.

Àwọn mìíràn kì í jẹ ẹ́ rárá. Àwọn ìjọ Adventist tẹ̀ lé Léfítíkù orí 11, tó ní ẹja tí kò ní ìpẹ́ jẹ́ ìríra. Ní Dafra, nítòsí Bobo-Dioulasso, inú adágún mímọ́ ni àrọ̀ ńláńlá ń gbé. Ẹnikẹ́ni kì í pa wọ́n jẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ aṣọ pupa débẹ̀. Àwọn tó wá tọrọ nǹkan ń pa adìyẹ, wọ́n ń jù ú fún ẹja. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, torí pé ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni ẹja ibẹ̀. Ìtàn ní Ọba Lároòyè tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò náà, ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́jà, oyè ọba Òṣogbo, ti ṣẹ̀.

Mo fi ọ̀wọ̀ wo àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí. Adágún tí èèwọ̀ ń ṣọ́, ìyá ẹja kì í tán níbẹ̀. Ní tiwa níbí, kò sí èèwọ̀ kankan lórí bàráàjì. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, àwọn kan á na àwọ̀n dí ẹnu ọ̀nà àgbàrá, abo tó ń gòkè lọ yé ni wọ́n sì ń kó, pẹ̀lú gbogbo ẹyin inú wọn. Kí àwọn àgbà àdúgbò àti àwọn apẹja jókòó sọ ọ́: láti òjò àkọ́kọ́ títí ọmọ ẹja á fi padà sínú omi jíjìn, kí ẹnikẹ́ni má na àwọ̀n sétí koríko. Ẹni tó bá fẹ́ fi àrọ̀ sọ ọmọ lórúkọ lámọ́dún, kó jẹ́ kí abo ọdún yìí yé ná.