Ímeèlì tí kò dé: ibi tí agbélẹ́tà ti ń fa lẹ́tà lé olùtọ́jú àpótí lọ́wọ́

Bí ẹni tó kọ ímeèlì bá ní òun ti fi í ránṣẹ́, tí ẹni tó yẹ kó gbà á sì ní òun kò rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Nẹ́tíwọọ̀kì là sábà máa ń dá lẹ́bi. Àmọ́ ibì kan wà tí lẹ́tà máa ń há sí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: inú ilé tó ń lọ gan-an, láàárín òṣìṣẹ́ méjì tí wọn kò gbọ́ra wọn yé.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn oníṣòwò wa ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwé aládàáni tàbí ilé iṣẹ́ kékeré lè ní àdírẹ́sì tirẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ àti .bj wà níparí rẹ̀, dípò kó máa lo Gmail. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àpótí lẹ́tà tirẹ̀ ni yóò wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí ìwé tí oníbàárà kan ní Kútọnu fi béèrè ogún àpò ẹ̀wà kò bá dé, ẹ̀wà yóò wà nílẹ̀, oníbàárà yóò sì ti ra ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo bí a ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Kétu sí Kútọnu. A óò gbé e fún awakọ̀. Awakọ̀ kò mọ ilé ẹni tó ni ẹrù, kò sì ní máa wá a kiri àdúgbò. Ó ní ẹnì kan ní gáréèjì tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, tó ń tọ́jú rẹ̀ títí olówó rẹ̀ yóò fi dé. Ìgbà tí ẹni yẹn bá kà á, tó ní "mo ti gbà á", ni ọrùn awakọ̀ tó mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà. Agbélẹ́tà wà níbẹ̀, olùtọ́jú àpótí sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn agbélẹ́tà tí wọ́n ń lò jù ni Postfix. Wietse Venema, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ ọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìparí ọdún 1998. Olùtọ́jú àpótí tí wọ́n sábà máa ń fi tì í ni Dovecot, iṣẹ́ Timo Sirainen, ọmọ ilẹ̀ Finland, tó jáde ní ọdún 2002. Ilé ẹyẹlé ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Ẹyẹlé tí àwa mọ̀ kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro; a ó rí i níwájú bóyá ti kọ̀ǹpútà yìí náà rí bẹ́ẹ̀.

Èdè tí àwọn agbélẹ́tà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé ni SMTP, tí Jon Postel kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1982. Èdè tí fóònù yín fi ń bá olùtọ́jú àpótí sọ̀rọ̀ ni IMAP, tí Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1986. IMAP ló jẹ́ kí lẹ́tà tí ẹ kà lórí fóònù ní Kétu ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ bá ṣí kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́, torí inú sáfà ni lẹ́tà ń gbé, kì í ṣe inú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wo àpótí rẹ̀ ni IMAP wà fún. Kì í ṣe òun ni agbélẹ́tà fi ń kó lẹ́tà wọlé láti ìta.

Báwo wá ni lẹ́tà ṣe ń kúrò lọ́wọ́ Postfix bọ́ sọ́wọ́ Dovecot?

Láyé àtijọ́, agbélẹ́tà fúnra rẹ̀ ló ń ṣí àpótí, tó ń ju lẹ́tà sí i. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí awakọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù: ó wọlé, ó já ẹrù, ó bá tirẹ̀ lọ. Olùtọ́jú kò bá a kà á, kò kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì lè sọ pé àyè ti kún. Lójú tiwa, kò yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú lẹ́tà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tó dára jù ni èdè kẹta, LMTP, tí John Myers ti Yunifásítì Carnegie Mellon kọ ìlànà rẹ̀ ní ọdún 1996. Ó jọ SMTP gan-an. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó tóbi.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ṣábẹ ní alága, akọ̀wé àti akápò, kálukú pẹ̀lú àpótí tirẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo dé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpótí akápò ti kún. Nínú SMTP, ìdáhùn kan péré ni ẹni tó gba lẹ́tà ń fún ẹni tó gbé e wá lẹ́yìn tó bá ti gbà á tán: "bẹ́ẹ̀ ni" fún gbogbo wọn, tàbí "rárá" fún gbogbo wọn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá máa wá ibi tí yóò fi ti akápò sí. Bó bá ní rárá, alága àti akọ̀wé yóò pàdánù lẹ́tà wọn nítorí àpótí ẹlòmíràn. Nínú LMTP, ìdáhùn mẹ́ta ni: alága, ó ti wọlé, akọ̀wé, ó ti wọlé, akápò, kò sí àyè. Agbélẹ́tà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀kan ṣì wà lọ́rùn òun. Olùtọ́jú kò ní láti ní yàrá míràn fún ẹrù tí kò tíì rí ibi gbé e sí, torí agbélẹ́tà ti ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Yàrá agbélẹ́tà yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí iná bá lọ lára Dovecot, tàbí tí wọ́n dá a dúró láti tún un ṣe, Postfix kò ní da lẹ́tà nù. Yóò tò ó sí ìlà, yóò padà gbìyànjú lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà yóò máa fi àlàfo tó gùn sí i, tí kì í ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ọjọ́ 5 ló fi ń gbìyànjú kó tó dá lẹ́tà padà fún ẹni tó kọ ọ́. Nítorí náà, olùtọ́jú tó sùn fún ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ ni olùtọ́jú tó jí, tó sì ń sọ pé "rárá" fún lẹ́tà tó yẹ kó gbà.

Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ẹni tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Ṣadé lè ní orúkọ míràn pátápátá nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Agbélẹ́tà máa ń pe àdírẹ́sì ní kíkún, pẹ̀lú ohun tó tẹ̀lé àmì @. Bí olùtọ́jú bá kọ orúkọ kúkúrú nìkan sínú ìwé rẹ̀, yóò ní òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn 550 ló ń fún un, lẹ́tà á sì padà lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ọjọ́ 5 kankan. Orúkọ kan náà ni kí àwọn méjèèjì máa lò.

Ìkejì ni àpótí tó kún. Bí a kò bá yí i padà, Dovecot kì í sọ pé "dúró díẹ̀" fún irú èyí. "Rárá" pátápátá ló ń sọ. Ewu tó wà níbẹ̀ ju lẹ́tà kan lọ. Postfix ti gba lẹ́tà náà lẹ́nu ọ̀nà kó tó mọ̀ pé kò sí àyè nínú ilé, ó wá di dandan kó kọ lẹ́tà míràn sí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì sì máa ń fi àdírẹ́sì olóyìnbó kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ṣe ti ara wọn. Ẹni yẹn ni sáfà yín yóò máa da lẹ́tà bò. Kò pẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba ímeèlì kọ nọ́ńbà sáfà yín sínú ìwé àwọn tí wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, lẹ́tà rere tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí oníbàárà kò sì ní wọlé mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí agbélẹ́tà kọ́kọ́ bi olùtọ́jú léèrè kó tó gba ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà: ẹni yìí ńkọ́, ó wà? Àyè wà nínú àpótí rẹ̀? Dovecot ní iṣẹ́ kan tó ń dáhùn ìbéèrè àyè yìí, tí wọ́n ń pè ní quota-status. Postfix sì lè dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí kò bá sí àyè, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbé lẹ́tà wá, kò sì ní sí lẹ́tà kankan láti kọ padà fún aláìṣẹ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìlà tí a ń kọ fún Postfix ni: virtual_transport = lmtp:unix:private/dovecot-lmtp. Ojú fèrèsé ni ohun tó gbẹ̀yìn ìlà náà, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ibẹ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Nítorí ààbò, wọ́n sábà máa ń ti Postfix mọ́ inú àgbàlá tirẹ̀, /var/spool/postfix, kò sì lè rí ohun tó wà lẹ́yìn odi. Dovecot ló gbọ́dọ̀ wá lu fèrèsé náà sínú àgbàlá yẹn, kó sì fi í sí ìkáwọ́ Postfix. Bí fèrèsé bá wà níbòmíràn, ìwé àkọsílẹ̀ sáfà á ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀ tí àṣẹ kò sí, yóò kọ Permission denied.

Ẹ̀yin tí ẹ sanwó fún iṣẹ́ náà lè dán an wò lójú onímọ̀ ẹ̀rọ yín. Bí Postfix kò bá ń bi Dovecot léèrè ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kó dá Dovecot dúró. Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ara yín láti ibòmíràn. Ẹ ní kó tẹ postqueue -p: lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà níbẹ̀, tó ń dúró. Kó wá jí Dovecot, kó tẹ postqueue -f, kó sì fi ìwé àkọsílẹ̀ hàn yín. Níparí ìlà tó bá gbé àdírẹ́sì yín, nọ́ńbà 250 ni ẹ ó máa wá, àti ọ̀rọ̀ kan, Saved. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì san owó tó kù.