Ta Ni Owó Òkèèrè Bù Fún Jù ní Mẹ́síkò?

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1965 ni ìjọba Mẹ́síkò dá ètò maquiladora sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnubodè Amẹ́ríkà? Iléeṣẹ́ òkèèrè á kó èlò wọlé láìsan owó aṣọ́bodè, òṣìṣẹ́ Mẹ́síkò á tò ó pọ̀, ọjà á sì padà sí Amẹ́ríkà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ́mọbìnrin ló kún ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀? Ní Tijuana àti Ciudad Juárez, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń so wáyà tẹlifíṣọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé rò pé irú wọn ni yóò jèrè jù? Wọ́n ní ilẹ̀ tí alágbàṣe bá pọ̀ sí, tó bá ṣílẹ̀kùn fún òwò, owó alágbàṣe ló máa gbéra. Mẹ́síkò ṣílẹ̀kùn gbayawu láàárín àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n àlàfo owó iṣẹ́ láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ dunjú àti àwọn yòókù fẹ̀ sí i ni.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Robert Feenstra àti Gordon Hanson, wádìí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1997? Níbi tí iléeṣẹ́ òkèèrè pọ̀ sí jù, owó tí wọ́n kó wọlé lè ṣàlàyé ohun tó ju ìdajì lọ nínú bí ìpín àwọn tó mọ iṣẹ́ dunjú ṣe pọ̀ sí i nínú owó iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Kí ló fà á? Iṣẹ́ tó rẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bó bá dé Mẹ́síkò, ó gba ìmọ̀ ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Ó ń fẹ́ ẹnjiníà, ó ń fẹ́ alábòójútó. Àwọn yẹn ò pọ̀, iléeṣẹ́ sì ń fi owó já wọn gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọmọge tó ń so wáyà ńkọ́? Èrò pọ̀ lẹ́nu géètì tó fẹ́ gba ipò rẹ̀. Lódìkejì odò Rio Grande, ní Amẹ́ríkà, àwọn tí owó wọn kéré ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí àlàfo ṣe fẹ̀ nílé lóko nìyẹn, ó sì dùn mí pé mẹ̀kúnnù ló forí fá a níhà méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé ní January 1, 2019, ìjọba sọ owó iṣẹ́ tó kéré jù lẹ́nubodè náà di ìlọ́po méjì, láti pésò 88.36 lóòjọ́ sí 176.72? Nínú oṣù yẹn náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ maquiladora daṣẹ́ sílẹ̀ ní Matamoros, ìlú ẹnubodè kan. Wọ́n ní àfi kí owó wọn fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé, kí wọ́n sì gba ẹ̀bùn pésò 32,000. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ san án.