Àpò Ajílẹ̀ Kò Lè Gba Kòkó Là

Nígbàkígbà tí ìjọba bá kéde pé òun fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, iye owó ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ gbọ́: bílíọ̀nù báyìí fún ajílẹ̀, bílíọ̀nù báyìí fún irúgbìn. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni pé ohun ọ̀gbìn wo ni wọ́n dárúkọ? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ìpín ti ń wáyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kọ ìrẹsì àti àgbàdo sínú ìwé, tí wọ́n sì ní àpò ajílẹ̀ làwọn máa fi ṣe ìrànwọ́, wọ́n ti pín in tán. Ilẹ̀ tó máa dé ti hàn, ilẹ̀ tí kò ní í dé náà ti hàn, bí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ìlú kankan. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí omi tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside wà lára ibi tí kì í dé dáadáa. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó láti fi àwọn ará Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Irú nǹkan tí ìjọba ń há fún àgbẹ̀ ni kò bá oko wọn mu, èyí sì ṣòro láti rí ju ojúsàájú lọ, torí kò sẹ́ni tí a lè nàka sí.

Ẹ wo ilẹ̀ náà. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú North, jẹ́ ilẹ̀ igbó: kòkó, obì, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ oko ibẹ̀. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Abígí, tó jẹ́ olú-ìlú Ogun Waterside, títí dé Ìbíadé àti Ìwòpin, ilẹ̀ á máa rọ̀ sí i títí a ó fi bá ọ̀sà. Ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ, ìrẹsì àkùrọ̀ àti ẹja ló wà níbẹ̀. Ewé tó ń já sílẹ̀ lábẹ́ igi kòkó máa ń jẹrà, á sì bọ́ ilẹ̀ dé àyè kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó kì í fi í ra ajílẹ̀ rárá. Omi òjò ni wàhálà tiwọn. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra tí igbó sì tutù rinrin, àmì rúsúrúsú kékeré á yọ lára èso kòkó. Kò ní í pẹ́ tí èso náà á fi dúdú látòkè délẹ̀, hóró inú rẹ̀ á bàjẹ́, àrùn náà á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba kòkó rẹ̀ là á po oògùn, ọ̀rá Ridomil kan tó jẹ́ gíráàmù 50 sínú omi lítà 15, á gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn, á sì máa fín in láti ìdí igi lọ sókè, èso kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á tún padà wá, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí òjò á fi dá. Owó oògùn yìí àti owó ẹni tó ń fín in ló ń mu àgbẹ̀ lómi. Kò sí iye àpò ajílẹ̀ NPK tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un.

Kí wá ni ìjọba ń fún wọn? Láti 1976 tí ìjọba àpapọ̀ ti gba ríra àti pínpín ajílẹ̀ sọ́wọ́, ajílẹ̀ ló ti jẹ́ òpó ìrànwọ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ náà ní 1997, wọ́n sì tún dá a padà ní 1999. Ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n gba ọ̀nà tuntun: wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó sì lọ gba àpò ajílẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, òun san ìdajì, ìjọba san ìdajì. Adéṣínà máa ń sọ pé lábẹ́ ètò àtijọ́, nínú àgbẹ̀ 100, kò ju 11 lọ tí ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọwọ́ wọn. Fóònù dín àwọn alágbàtà kù lóòótọ́, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún un. Àmọ́ àpò méjì náà, ajílẹ̀ náà ni. Ní 2017, ìjọba tó tẹ̀ lé e ṣètò kí wọ́n máa ta NPK 20:10:10 ní 5,500 náírà lápò kan, irú ajílẹ̀ tó dára fún àgbàdo. Ètò ẹ̀yáwó tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi ní oṣù kọkànlá 2015 fi ìrẹsì àti àlìkámà ṣáájú. Àlìkámà kì í hù ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Bó ṣe rí káàkiri ayé náà nìyẹn. Ní Yúróòpù, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí ìrèké hù, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní bíìtì ni wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Nígbà tí wọ́n fòpin sí ìdíwọ̀n iye ṣúgà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè ṣe ní 2017, Pólándì, Ítálì àti Spéènì ń san owó fún àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ tó bá fi gbin bíìtì. Jámánì kò san án. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń tà á sí, ni àwọn àgbẹ̀ Jámánì bá ń pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Nàìjíríà náà ní ètò ṣúgà tirẹ̀. Ètò tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2012 gbé owó orí gọbọi lé ṣúgà tí wọ́n bá kó wọlé, ó sì ṣíjú àánú wo ilé iṣẹ́ tó bá gbin ìrèké nílé. Ìpínlẹ̀ Kwara, Niger àti Adamawa ni oko ìrèké ńláńlá wà, ní Lafiagi, Sunti àti Numan. Ẹni tó ń ra búrẹ́dì ní Àgọ́-Ìwòyè wà lára àwọn tó ń san owó orí náà. Mi ò ní kí wọ́n pa ètò ìrèké rẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá ti dárúkọ ohun ọ̀gbìn, a ti dárúkọ agbègbè.

Ìtàn sì mú ọ̀rọ̀ náà wúwo sí i ní ilẹ̀ kòkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgbẹ̀ kòkó ló ń ran ìjọba lọ́wọ́. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù kòkó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí ohun tí wọ́n ń tà á lókè òkun, tí wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà sí ẹkùn ní 1954, nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 pọ́n-ùn ni Ìwọ̀-Oòrùn jogún. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 àti Ilé Kòkó ní Ìbàdàn jẹ nínú owó kòkó, inú wa sì ń dùn sí wọn dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986, àgbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó rẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò máa fín oògùn fún un. Ghana ò tú tiwọn ká; láti 2001 ni wọ́n ti ní ètò tó ń fín oògùn sóko kòkó lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀dù tiwọn náà ní gbèsè lọ́rùn, àwọn àgbẹ̀ wọn sì ti ráhùn rí pé owó tí àwọn ń gbà kéré sí ti ọjà àgbáyé. Síbẹ̀, oògùn ni wọ́n fi ran oko tó nílò oògùn. Àwa náà gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan: ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kòkó tí ìjọba Ọbásanjọ́ dá sílẹ̀ pín irúgbìn àti oògùn ní ẹ̀dínwó ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbin kòkó. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè ní kò ṣeé ṣe.

Àwọn kan á sọ pé oúnjẹ ló ṣáájú, pé a kì í jẹ kòkó, kí owó ìlú lọ sórí ohun tó ń wọ ìkòkò. Òótọ́ wà níbẹ̀, ebi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ Ogun Waterside ń wọ ìkòkò, gaàrí Ìjẹ̀bú kò sì nílò alágbàwí kankan ní Nàìjíríà. Ohun tó ń pa ẹlẹ́gẹ́ lára ni ọ̀nà oko tí ọkọ̀ kò lè gbà lásìkò òjò, kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú tó dé ibi tí wọ́n ti ń rín in. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́. Àpò ajílẹ̀ kò tún ọ̀nà ṣe. Ẹlòmíràn á ní àgbẹ̀ Àríwá pọ̀ ju tiwa lọ, ilẹ̀ wọn sì fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kí tiwọn sì pọ̀ ju tiwa lọ ni ẹ̀tọ́. Kí wọ́n ka orí pín in, n ò bá ẹnikẹ́ni jà sí ìyẹn. Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní kí wọ́n pa gbogbo owó ìrànwọ́ rẹ́, torí olè ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n a ti rí i láàárín 1997 sí 1999 pé bí ìjọba ṣe yọ ọwọ́, àgbẹ̀ tí kò lówó ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ibi tí olè ń gbà wọlé ló yẹ ká dí.

Ibẹ̀ náà ni kíkọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe oko kòkó nínú igbó kọ́ ló nilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni àwọn kan ń san, àwọn mìíràn ń bá onílẹ̀ pín kòkó tí wọ́n bá ká. Bí òṣìṣẹ́ bá dé láti kọ orúkọ, onílẹ̀ tó ń gbé ìgboro ló sún mọ́ tábìlì. Ẹni tó ń gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn wà lóko, bóyá níbi tí fóònù kò ti ń gbé. Obìnrin tó ń rín ẹ̀gẹ́, tó ń yan gaàrí, wọn kì í kà á sí àgbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní láti dúró de Àbújá kó tó tún èyí ṣe. OGADEP, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ti pín ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́rin: Abẹ́òkúta, Ìlaròó, Ìkẹnnẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde. Kí wọ́n fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní iye owó tó bá iye àgbẹ̀ rẹ̀ mu, kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì yan ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ìbáà jẹ́ ajílẹ̀, oògùn kòkó, ọmọ ọ̀pẹ tàbí ọ̀nà oko. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó gbà á mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán ìlú àti ọjà, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ẹ̀yin aṣòfin tó ń ṣojú Ìjẹ̀bú North àti Ogun Waterside, nígbà tí ìwé ìṣúná bá tún dé iwájú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bèèrè iye owó tí wọ́n kọ sí iwájú iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ bèèrè ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dárúkọ.