Fláàṣì tó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac tí Windows kò kà: kí ló fà á?

Ẹni tó ya fídíò ìgbéyàwó parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Mac, ó da fídíò náà sórí fláàṣì, ó gbé e fún àwọn òbí ìyàwó. Nígbà tí wọ́n fi fláàṣì sí kọ̀ǹpútà Windows tiwọn, ohun tí wọ́n rí ni pé àfi kí wọ́n "format" rẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, fídíò lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ fláàṣì náà kò bàjẹ́ rárá.

Ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to fáìlì ló yàtọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní file system. Ó dà bí ìwé tí onísọ́ọ̀bù fi ń mọ ibi tí ọjà kọ̀ọ̀kan wà: ẹni tí kò bá lè ka ìwé náà yóò rò pé sọ́ọ̀bù ṣófo ni. APFS ni Mac òde òní ń lò, Windows kò sì lè kà á fúnra rẹ̀. NTFS ni ti Windows. Mac lè ka ohun tó wà lórí NTFS, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i àyàfi tí a bá fi ètò mìíràn kún un.

FAT32 ni gbogbo wọn mọ̀, títí kan rédíò ọkọ̀ àti tẹlifíṣàn àtijọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ tó GB 4 lórí rẹ̀. Èyí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu: fláàṣì GB 64 ṣófo gbáà, kọ̀ǹpútà ń sọ pé fáìlì ti tóbi jù. Fídíò wákàtí méjì tó mọ́ kedere sì máa ń kọjá GB 4.

exFAT ni èmi máa ń ní kí èèyàn lò. Microsoft gbé e jáde ní 2006, kò ní ààlà GB 4 yẹn, Windows àti Mac ń kà á, wọ́n sì ń kọ sí i. Linux náà ti gbà á wọlé láti 2019. Bí káàdì kámẹ́rà yín bá ju GB 32 lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun lẹ ti ń lò láìmọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ bíi ti NTFS. Tí ẹ bá já a gbà lójijì, tàbí tí iná bá lọ, fáìlì lè bàjẹ́. Ẹ máa tẹ Eject ná, kí ẹ sì ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn.

Ní ti àwọn òbí ìyàwó, kí wọ́n tẹ Cancel, kí wọ́n dá fláàṣì padà fún ayàwòrán. Yóò kó fídíò náà sórí Mac rẹ̀, yóò ṣí Disk Utility, yóò tẹ Erase, yóò mú exFAT, lẹ́yìn náà ni yóò dà á padà sórí fláàṣì.