Ètò Adójútòfò Ìlera àti Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà ní Ìbàdàn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí fi hàn pé láti ayébáyé ni àwùjọ Yorùbá ti gbà pé ẹni tí agbára ṣì ń bẹ lára rẹ̀ ni yóò gbé ẹni tí agbára rẹ̀ ti dínkù. Ìlànà kan náà ni ètò adójútòfò ìlera, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìnṣúránsì, dúró lé. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe àlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí àgbàlagbà ń san lábẹ́ rẹ̀, àti ìdí tí ètò tí wọ́n gbé ka owó oṣù fi máa ń já ènìyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì. Ibi tí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ ni àwọn àdúgbò tuntun Ìbàdàn, níbi tí òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì àti oníṣòwò tí kò gba owó oṣù rí ti jọ ń gbé.

Èésú àti Adójútòfò

Ó rọrùn láti fi ètò yìí wé èésú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èésú, iye tí ènìyàn bá dá ni yóò kó nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn bá kọlù ni ó ń jẹ nínú àpò. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í gba nǹkan kan padà. Kí àpò má baà gbẹ, àwọn tí ara wọn le gbọ́dọ̀ pọ̀ ju aláìsàn lọ láàárín àwọn adáwó. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ti wọlé tán ni oníkálukú tó wá dáwó, owó náà kò ní ká ìtọ́jú.

Bí Ètò Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè yìí. Ẹgbẹ́ UPN fi í ṣe ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí ó gbé kalẹ̀ lọ́dún 1979, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Owó ìjọba ni ètò yẹn gbójú lé. Ti NHIS yàtọ̀. Òfin ọdún 1999 ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó kó mọ́ra. Bàbá àti ìyá òṣìṣẹ́ kò sí nínú wọn, àfi bí ó bá san owó mìíràn lórí wọn.

Ohun Tí Àgbàlagbà Ń San

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà jáde. Èkíní ni owó ìdá, tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù tàbí tí ènìyàn ń san lọ́dọọdún. Èkejì ni ìdá 10 nínú 100 iye owó oògùn. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá jẹ́ ₦20,000 lóṣù, ẹni tí ó wà nínú ètò yóò san ₦2,000, èyí tí í ṣe ₦24,000 lọ́dún. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò san ₦240,000. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ètò náà, tí aláìsàn yóò dá san pátápátá.

Ọ̀nà tí ènìyàn gbà dé ilé-ìwòsàn tún ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó yan ilé-ìwòsàn kékeré ní Bódìjà tàbí Challenge kò lè dédé kọrí sí UCH. Ilé-ìwòsàn tí ó yàn ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní HMO, kí ó tó fi í ránṣẹ́. Pàjáwìrì nìkan ni ó yàtọ̀.

Ọjọ́ Ìfẹ̀yìntì

Ọdún 60 lọ́jọ́ orí, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fẹ̀yìn tì. Bí owó oṣù bá ti dúró, owó ìdá tí wọ́n ń yọ lára rẹ̀ dúró pẹ̀lú. Ní bí wọ́n ṣe ṣe ètò náà níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ọdún tí òṣìṣẹ́ fi dáwó nígbà tí ara rẹ̀ le kò di ẹ̀tọ́ tí yóò bá a dé ọjọ́ ogbó. Ìgbà tí ojú, oríkèé àti ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìtọ́jú gan-an ni okùn já. Oníṣòwò Dùgbẹ̀ kò tilẹ̀ di okùn náà mú rí. Lọ́dún 2012 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Tony Anenih ní UCH. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú ọ̀tọ̀, owó tí ènìyàn yóò fi wọ inú rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti wá ọ̀nà àbáyọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin Medicare ti ọdún 1965 mú kí owó tí òṣìṣẹ́ ń dá lẹ́nu iṣẹ́ di ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ó bá pé ọdún 65. Ní Gánà, òfin ọdún 2003 gbé ètò tiwọn ka owó orí ọjà. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 70 kì í san owó ìdá.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin NHIA rọ́pò ti NHIS. Ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ka àwọn àgbàlagbà mọ́ àwọn tí àpò owó pàtàkì kan yóò máa ràn lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA, tí ẹni tí kò gba owó oṣù lè san owó ọdún fún. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú òfin náà ni ọ̀rọ̀ dandan yẹn, nítorí pé bí ọ̀dọ́ Àgbowó kò bá dáwó, kò sí àpò tí àgbàlagbà Bódìjà yóò jẹ nínú rẹ̀. Títí dìgbà tí èyí yóò fi múlẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ó ń múra àtifẹ̀yìntì béèrè nǹkan mẹ́ta kí owó oṣù rẹ̀ tó dúró: ta ni yóò máa san owó ìdá rẹ̀, oògùn wo ni ètò náà kó mọ́ra, àti ilé-ìwòsàn wo ni orúkọ rẹ̀ wà.